Táǹkì Tí A Jọ Lẹ̀

"Ọwọ́ tó pa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọ ẹja ò ní gbé ọmọ-ọmọ mi láéláé! Ṣé o gbọ́ mi? Láéláé!"

Ìyá Agbẹ̀bí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, ìyá ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Pálọ̀ rẹ̀ la wà, ọ̀sán gangan, fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, gbogbo àdúgbò sì ń fi etí jẹun. Níwájú wa, lórí tábìlì onírin, ni táǹkì gíláàsì tí èmi àti ọmọ rẹ̀ jọ kàn wà. Omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ dà síbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó mira. Ìgbà kẹta nìyẹn tí wọ́n máa kú pátápátá.

"Màmá," ni mo wí, "ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin géérégé? Ṣé ẹ pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mà. Ìṣirò yín ni mò ń bèèrè."

Ó sún mọ́ mi. Obìnrin náà kò ga, àmọ́ nígbà tó bá ń bínú, àjà ilé á kéré fún un.

"Wò mí dáadáa. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí. Àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí gbà, tí wọ́n bá tò wọ́n, wọ́n á yí ìgboro yìí po. Mo mọ ọwọ́ tó tutù, mo mọ ọwọ́ tó ń jó nǹkan. Ìgbà àkọ́kọ́, mo ní ó ṣèèṣì ni. Ìgbà kejì, mo panu mọ́. Ìgbà kẹta rèé. Ẹja lásán ò yè lọ́wọ́ rẹ, ọmọ èèyàn ńkọ́?"

Mo wo ọmọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, ó di àwọ̀n kékeré kan mú, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró dè é. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mò ń retí. Ìbáà jẹ́ "Màmá, ó tó." Ìbáà jẹ́ kó wúkọ́. Ọkùnrin tó máa ń bá ẹja sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

"Ó dáa," ni mo wí. "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ yín, mà. Ẹ máa ṣọ́ ọ o, kó má baà kó sómi."

Mo ti dé ojú títì kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ wọ́n lára. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ariwo kejì.

*

Ẹ má rò pé ẹja ló gbé mi dé ilé wọn. Gíláàsì ni.

Bàbá mi ń gé gíláàsì fún ilé àti fún àwòrán. Èmi náà ń gé e. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bàbá ní iṣẹ́ náà kì í ṣe ti obìnrin, bẹ́ẹ̀ ó máa ń sùn lọ́sàn-án, oorun rẹ̀ ni mo sì fi ń lọ sílé ìwé. Bó bá ti ń hanrun, mo ti gbé ọ̀bẹ gíláàsì, mo ń fi àfọ́kù kọ́ ọwọ́. Lọ́jọ́ kan ó jí, ó bá fèrèsé mẹ́fà tí wọ́n ní kó gé nílẹ̀, gígé. Ó wọ̀n wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. "Ta ló gé wọn?" Mo ní, "Oorun yín ni, Bàbá." Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi ọ̀bẹ náà lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀sán irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà wọlé, tó mú páálí kan dání tó ya nǹkan sí.

"Ẹ kú iṣẹ́. Gíláàsì márùn-ún ni mo fẹ́. Mo fẹ́ fi kọ́lé fún àwọn ọmọ."

"Ọmọ wo ni wọ́n ń kọ́lé gíláàsì fún? Ṣé kẹ́ ẹ lè máa yọjú wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìyọnu ni?"

"Ọmọ ẹja."

Mo gba páálí náà. Ó ti ya àpótí gígùn kan sí i, ó fi ògiri tó ní ihò wẹ́wẹ́ pín in sí méjì: ibì kan fún ẹyin tí wọ́n máa pa, ibì kan fún ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi, kó má baà fa ọmọ ẹja wọnú. Orí rẹ̀ pé. Ìṣirò rẹ̀ ni kò pé.

"Mílímítà mẹ́rin lẹ kọ síbí pé kí gíláàsì nípọn tó," ni mo wí. "Fèrèsé lẹ fẹ́ ṣe ni? Tí omi bá kún èyí, ikùn rẹ̀ á yọ bí ti aboyún, ilẹ̀ ilé yín á sì di odò. Mẹ́fà ni. Ẹ tún jẹ́ kí ògiri iwájú kúrú ju ti ẹ̀yìn lọ pẹ̀lú mílímítà méjì. Ṣé ẹja yín á máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni?"

Ó wò mí. Kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ń wá ibi tí wọ́n ti máa bá òun wí. "Mílímítà," ni ó wí, "ṣé ẹ máa bá mi kàn án?"

Orúkọ tó sọ mí nìyẹn. Kò tíì pè mí ní ohun mìíràn láti ọjọ́ náà.

Ẹja tó ń sìn kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀. Ẹja ọ̀ṣọ́ ni, pẹlẹbẹ bí àwo, tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ gùn sókè sódò bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé. Ó ń kó wọn fún ilé ìwòsàn, fún báńkì, fún ibi tí àwọn èèyàn bá ti ń jókòó dúró de nǹkan. Ó sọ fún mi pé takọtabo máa ń yé ẹyin wọn sára pátákó gíláàsì, wọ́n á máa fi lẹ́bẹ́ fẹ́ ẹ ní àfẹ́ẹ̀sinmi, ṣùgbọ́n tí ohun kan bá dún gbì báyìí, wọ́n á jẹ gbogbo rẹ̀ kó o tó ṣẹ́jú.

"Ìyá wo ló máa ń jẹ ọmọ rẹ̀?"

"Èyí tí ẹ̀rù ń bà," ló wí. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti gbé ẹyin náà kúrò lọ́dọ̀ wọn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi kan táǹkì yẹn nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ tí kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Mo ń rin etí gíláàsì lórí òkúta títí tí kò fi lè gé ẹnikẹ́ni, òun ń fi aṣọ nu ún. A fi téèpù gbé àwọn ògiri náà ró. Ọjọ́ tí a máa lẹ̀ ẹ́, ó ní, "Gbogbo nǹkan lo ti ṣe. Jẹ́ kí n mú gọ́ọ̀mù wá ó kéré tán." Ó sì mú un wá. Mo rí àwòrán ibi ìwẹ̀ lára ike rẹ̀. Mo ní, "Omi ni omi." Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Gọ́ọ̀mù náà ń rùn, ó ń ta ni lójú. A jọ fi ìka fà á sí ibi tí gíláàsì ti pàdé ara wọn, èmi láti òkè, òun láti ìsàlẹ̀. Ìka wa pàdé láàárín. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ yọ tirẹ̀. Bàbá ń hanrun. Gọ́ọ̀mù ń gbẹ.

"Tí ìran ọmọ ẹja àkọ́kọ́ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́," ni ó wí, "màá sọ fún Màmá pé ìwọ ni mo fẹ́ fẹ́."

"Tí wọn ò bá lúwẹ̀ẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́."

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un dé. "Ẹlẹ́ja. Ẹja tí wọn kì í jẹ. Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?"

"Wọ́n ń wò ó, Bàbá."

"Wọ́n ń wò ó! Mo fi ogójì ọdún gé gíláàsì kí ọmọ mi lè lọ fẹ́ ẹni tó ń ta ìran wíwò!"

"Bàbá, kí ni wọ́n ń fi gíláàsì tiyín náà ṣe?"

Ó ṣa àfọ́kù kan nílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀? Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí."

"Ẹ̀ ń sùn ni."

"Mi ò kì í sùn ní gbogbo ìgbà tó o rò pé mò ń sùn," ni Bàbá wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ara mi gbóná láti ọrùn dé etí.

A gbé táǹkì náà lọ sí pálọ̀ ìyá rẹ̀. Ẹyin àkọ́kọ́ bẹ́ ní ọjọ́ kẹta, ìrù tíntìntín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. A jọ tẹ̀ síwájú gíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀, a ò mí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ìrù dákẹ́. Ó ní omi ló tutù jù. Ìran kejì, ó ní omi ló gbóná jù. Nídìí ìran kẹta ni ẹ ti bá mi níbẹ̀rẹ̀ yẹn, tí ìyá rẹ̀ ń ka òkú.

*

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò wá. Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá mọ bí bàtà gbogbo ẹni tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ṣe ń dún, nítorí pé mò ń wá èyí tó máa ń wọ́ gìgísẹ̀ òsì díẹ̀. Tí mo bá gbọ́ ohun tó jọ ọ́, ọ̀bẹ á yà lọ́wọ́ mi. Oṣù yẹn, gíláàsì tí mo bà jẹ́ pọ̀ ju ti ọdún mẹ́ta lọ. Bàbá ló ń bá mi kó àfọ́kù.

Àǹtí mi, àbúrò Bàbá, ló ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tiwa. Ìyá Agbẹ̀bí ni oníbàárà rẹ̀. Bí Àǹtí ṣe di alárinà nìyẹn: ẹni tó bá di orí èèyàn mú, tó ti fi kóòmù há a, onítọ̀hún ò ríbi sá lọ. Ọmọ ló sì máa ń wá mú ìyá rẹ̀ lọ sílé, nítorí náà Àǹtí ń rí àwọn méjèèjì.

"Kí ló wí?" Mi ò tíì jẹ́ kó jókòó.

"Ó ní kó o ní sùúrù."

"Kí ló tún wí?"

"Ó bèèrè bóyá o ṣì máa ń gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán."

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní ẹ̀ẹ̀mejì lò ń jẹ ẹ́."

"Àǹtí!"

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Pé o ti gbẹ bí igi ìdáná? Ọkùnrin kì í sáré wá síbi tí wọ́n ti ń sunkún. Ní sùúrù, ọmọ mi. Sùúrù ni baba ìwà."

"Ta wá ni ìyá ẹ̀? Nítorí bàbá yẹn nìkan ò lè tọ́ mi."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ nìyẹn, oṣù lé oṣù. Ó ní kó o ní sùúrù. Ó ní ó ń bọ̀. Ó ní òun ń wá ọ̀nà tí òun máa gbà bá Màmá sọ̀rọ̀. Mo ń gba àdúgbò wọn kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tí mò ń lọ tó gba ibẹ̀. Láti òdìkejì títì mo máa ń rí iná táǹkì nínú pálọ̀ wọn, búlúù, tó ń mì lára ògiri, nígbà mìíràn mo máa ń rí òjìji ẹnì kan tó tẹ̀ síwájú rẹ̀. Èmi tí mo lè pe ọ̀gá ọlọ́pàá ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́, mi ò lè kan ilẹ̀kùn yẹn. Kì í ṣe Ìyá Agbẹ̀bí ni mò ń bẹ̀rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ rẹ̀ lè wá sẹ́nu ọ̀nà kó tún máa wolẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, Àǹtí dé, kò wo ojú mi.

"Ó ti gbé táǹkì yín jáde, ó ti ní mẹ́ta tuntun báyìí," ló wí.

"Ta ló gé gíláàsì fún un?"

"Ìyẹn lo gbọ́?"

"Mo ní ta ló gé e?"

"Onírùngbọ̀n kan tó wà lẹ́yìn ọjà."

"Onírùngbọ̀n yẹn! Kì í rin etí gíláàsì! Ẹja á gé ètè!" Mo ti jowú obìnrin rí, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ jowú onírùngbọ̀n.

"Jókòó," ni Àǹtí wí. Mo jókòó. "Àwọn ọmọ ẹja ń yè. Ìran mẹ́rin ni wọ́n ti tọ́ dàgbà. Ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ kiri ní ṣọ́ọ̀bù mi, lójú gbogbo àwọn oníbàárà. Ó ní, 'Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀, ẹja ń yè.'"

"Òun ńkọ́? Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wí?"

Àǹtí ń ṣa irun kúrò lára kóòmù, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. "Ó ní kí Màmá jẹ́ kí àwọn máa lọ."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí yẹn ló wọ inú mi lọ. Mo máa ń bú ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ní aláìmọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń yè lóòótọ́ ńkọ́? Omi kan náà, ẹja kan náà, ọkùnrin kan náà. Èmi nìkan ni wọ́n yọ kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyàwó télọ̀ tó ń gbé lókè wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, na ọmọ rẹ̀ sí mi lórí àtẹ̀gùn. "Bá mi gbà á, jẹ́ kí n wá kọ́kọ́rọ́." Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní àfọ́kù gíláàsì wà lára ọwọ́ mi. Irọ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni.

*

Ó tó oṣù mẹ́rin míì kí orí mi tó padà sípò. Ìbínú ló dá a padà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo ń gé gíláàsì, mo sì bi ara mi pé: kí ló kúrò nínú ilé yẹn gan-an? Ọwọ́ mi kúrò. Táǹkì mi náà sì kúrò. Nǹkan méjì ni. Mi ò lè tú ọwọ́ mi palẹ̀ wò, àmọ́ mo lè tú táǹkì.

Mo lọ bá olùkọ́ kan tó ń sin ẹja tíntìntín nínú abọ́ lórí tábìlì rẹ̀, irú èyí tó máa ń bí ọmọ láàyè. Mo bẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní ogójì ọmọ. Mo to ìgò mẹ́rin sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, ẹja mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò kìíní, mi ò fi nǹkan kan sí i. Ìgò kejì, mo fi gọ́ọ̀mù gbígbẹ tí Bàbá ń lò fún fèrèsé sí i. Ìgò kẹta, mo wá ike gọ́ọ̀mù oníàwòrán ibi ìwẹ̀ yẹn, ìlàjì rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ tábìlì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àfọ́kù, mo jẹ́ kó gbẹ dáadáa, mo sọ ọ́ sínú rẹ̀. Ìgò kẹrin ni ti ọwọ́ mi. Ní àràárọ̀, mo máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn-ọwọ́, màá sì ka ọgọ́rùn-ún.

"Kí ni èyí?" ni Bàbá bèèrè.

"Ilé ẹjọ́ ni, Bàbá. Ẹ má da àwọn ẹlẹ́rìí nù."

Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, gbogbo wọn ń lúwẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kẹta, àwọn ti ìgò kẹta rọra ń rìn bí ẹni tó mutí. Ọjọ́ kẹrin, mo jí lọ síbẹ̀ kí n tó fọ ẹnu. Ẹja mẹ́wẹ̀ẹ̀wá inú ìgò kẹta ti sùn sílẹ̀. Mo yíjú sí ìgò kẹrin, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wá, wọ́n yí ìka mi ká, wọ́n ń fi ẹnu wọn tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ tọ́ èékánná mi wò. Mi ò rántí ka ọgọ́rùn-ún. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí omi fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bàbá wá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ka ẹ̀yìn ike náà. Lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ẹyin iná orí lọ. "Ó ní oògùn wà nínú rẹ̀," ni Bàbá wí, "tó ń pa dúdúdúdú tó máa ń hù sára ògiri balùwẹ̀. Ó ní... gbọ́ o... ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó fún táǹkì ẹja."

Mo gba ike náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sáré gun òkè, mo kan ilẹ̀kùn ìyàwó télọ̀. "Gbé ọmọ yẹn fún mi." Ẹ̀rù bà á, ó gbé e fún mi. Ọmọ náà tọ̀ sí mi láyà. Mi ò rí omi tó tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kan táǹkì mìíràn. Mo fi gọ́ọ̀mù tí kò ní oògùn lẹ̀ ẹ́, mo gba takọtabo ẹja pẹlẹbẹ, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi omi iyọ̀ pa ẹyin edé tíntìntín nínú ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, oúnjẹ àwọn ọmọ ẹja nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n fi tó èékánná, wọ́n lé ní igba. Mo rán Àǹtí.

"Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá wo ọmọ ẹja mi."

"Kí ni kí n ní ó fà á tí wọ́n fi yè?"

"Ẹ má sọ nǹkan kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Òótọ́ ni pé mo fẹ́ fojú ara mi rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbọ́. Mo ti dárí jì í kó tó dé. Mo ti gbà pé aláìmọ̀ ni, pé ọkùnrin tó rò pé àjálù ń bẹ lára olùfẹ́ òun, tí kò sì fẹ́ ẹlòmíràn, tó ń bèèrè oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ fún ọdún kan ààbọ̀, ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Mo ti gbọ́ ohun tó máa sọ. Mo ti dáhùn, lójú dígí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

*

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bàbá wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo gbọ́ gìgísẹ̀ òsì yẹn láti ìta, mo sì ti dìde kí wọ́n tó kan ilẹ̀kùn.

Ó ti rù. Ewú kan ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, èyí tí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó hù.

"Mílímítà."

"Ẹ káàbọ̀," ni mo wí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ ti sá lọ.

Ìyá Agbẹ̀bí ò jókòó. Ó lọ tààrà síwájú táǹkì. Ó dúró pẹ́. Àwọn ẹja náà ń ṣí bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n rò pé ó gbé oúnjẹ wá.

"Ta ló ń tọ́jú wọn?"

"Èmi, mà."

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan. Láti ẹyin."

Ó yíjú. Ó gba ọwọ́ mi ọ̀tún, ó tẹ́ ẹ, ó wo gbogbo ojú àpá gíláàsì tó wà níbẹ̀. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n," ni ó wí, "mo wá ṣì ọwọ́ kan kà. Mo sì pariwo rẹ̀ kiri. Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́." Àgbàlagbà obìnrin náà kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Mo sáré gbé e dìde. Àǹtí ti ń nu ojú, Bàbá ń wá ohun tó máa fi fọn imú.

"Ẹ jókòó, ìyá," ni Bàbá wí. "Àwọn ọmọ ti dúró tó. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó mú yín wá."

"Ìyàwó la wá tọrọ," ni Ìyá Agbẹ̀bí wí, láìfi ọ̀rọ̀ ṣe ẹwà rárá.

Mo wo ọkùnrin náà. Ó ti lóṣòó síwájú táǹkì, ojú rẹ̀ ń dán bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń fi ìka tọ igun gíláàsì láti òkè wá sílẹ̀, bí a ti ń ṣe nígbà yẹn.

"Ó mọ́," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "O ò lo ti balùwẹ̀ mọ́. Èyí ò ní oògùn nínú. Abájọ tí wọ́n fi yè."

Èmi àti Bàbá nìkan la mọ̀ nípa oògùn. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Oògùn wo?" ni Ìyá Agbẹ̀bí bèèrè.

"Gọ́ọ̀mù tí a fi lẹ táǹkì àkọ́kọ́ ló ní oògùn nínú, mà," ni mo wí. Mi ò wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ ni mò ń wò. "Òun ló pa àwọn ẹja. Ohun tí mo pè yín láti wá gbọ́ nìyẹn. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbí." Mo yíjú sí i dáadáa. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Ìka rẹ̀ dúró lára gíláàsì. "Mo kà á lára ike rẹ̀. Ike kan ṣẹ́kù sílé wa."

"Nígbà wo?"

"Mílímítà, jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ìwọ mọ̀?" Ìyá rẹ̀ yíjú sí i. "Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí, mò ń ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ìwọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, o mọ̀?"

"Màmá, ẹ ti ń bínú nígbà yẹn. Tí mo bá ní gọ́ọ̀mù tí mo mú wá ni, ẹ máa ní ẹja ò tún gbọdọ̀ wọ ilé yín mọ́. Mo ní kó rọlẹ̀ ná. Mo rò pé tó bá pẹ́, ẹ máa gbàgbé, kò ní sí pé à ń bá ara wa jà. Bó ṣe ń pẹ́ ló túbọ̀ ń ṣòro láti sọ."

"Nígbà wo?" ni mo tún bi í.

Ó wo ilẹ̀.

"Ọjọ́ kẹta," ló wí. "Lẹ́yìn tí o lọ."

Ẹ̀rọ inú táǹkì ń fẹ́ atẹ́gùn, ó ń dún wúyẹ́wúyẹ́. Ọkùnrin náà dìde, ó na ọwọ́ sí mi, omi sì dà lójú rẹ̀.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò ronú rẹ, Ọlọ́run ń gbọ́."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ."

Ojú rẹ̀ tàn.

"Àǹtí," ni mo wí, "ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò wa. Wọ́n ń lọ."